Nọ́ńbà dára, àmọ́ Bàbá ní àwọn ò rí èémí mí

Obìnrin kan ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹni ọdún 71 ni bàbá mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí dókítà ti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe wọ́n. Ṣáájú ìyẹn, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n fún wọn lò fún oṣù mẹ́fà. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èémí wọn kì í tó mọ́, pàápàá lóru. Bí wọ́n bá rìn dé ilé ìwẹ̀, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. A ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka, 95 tàbí 96 ló máa ń kà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní bí nọ́ńbà bá ti rí báyìí, ẹ̀rù lásán ló ń ba Bàbá. Màmá wa ní ká lọ gba sílíńdà ọ́síjìn, owó rẹ̀ sì pọ̀. Dókítà dárúkọ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára yẹn, àmọ́ aládùúgbò wa tó ń ta oògùn ní oògùn tí wọ́n fi ń sin èèyàn lọ sọ́run ni. Kí ni ká ṣe? Ṣé báyìí ni èémí á ṣe máa dí mọ́ wọn láyà títí wọ́n á fi kú?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ìbéèrè tó wà nínú ìwé yín pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló bí gbogbo àwọn yòókù: ta ni ká gbà gbọ́, ṣé Bàbá ni, àbí ẹ̀rọ orí ìka? Bàbá ni kí ẹ gbà gbọ́. Mo fi ìdáhùn yẹn ṣáájú nítorí mo ti rí i pé ilé tí kò bá gba aláìsàn gbọ́, ọ́síjìn àti oògùn tí wọ́n bá rà lẹ́yìn náà kì í débi tó yẹ kó dé.

Ní ti èémí, ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yẹn ń kà: bí ọ́síjìn ṣe kún inú ẹ̀jẹ̀ tó. Kò ka wàhálà tí iṣan àyà, iṣan ọrùn àti iṣan ikùn ṣe kí ọ́síjìn náà tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Bí alágbàṣe bá ru àpò sìmẹ́ńtì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, àpò á dé òkè, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sókè tó ń ka àpò kò ní mọ bí orúnkún ẹni tó rù ú ṣe ń gbọ̀n. Iye àpò tó dé òkè ni 95 yẹn ń kà. Àìtó èémí fúnra rẹ̀, inú ọpọlọ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ọpọlọ á pàṣẹ pé kí àyà fẹ̀ dé ìwọ̀n báyìí, á wá máa retí ìròyìn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan àyà pé ó ti fẹ̀ débẹ̀. Bí ìròyìn tó padà wá kò bá tó ohun tó ń retí, ara á figbe ta. Igbe yẹn ni Bàbá ń gbọ́. Ó lè le gan-an nígbà tí nọ́ńbà dára, ó sì lè rọlẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà kò dára. Mo ti rí aláìsàn tí ẹ̀rọ ka 86 fún, tó jókòó tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èmi náà ti ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe yìí rí. N kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, mo wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ilé ìwòsàn kan, bàbá kan sì ń pè mí ṣáá lóru pé àwọn ò rí èémí mí. Mo kì ẹ̀rọ bọ̀ wọ́n níka, ó ka 96. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó dára." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yìí ló ń mí, èmi kọ́." Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rù ń ba aláìsàn, mo padà sídìí tábìlì mi. Ọjọ́ kejì ni dókítà fi ìka lu ẹ̀yìn wọn tó rí i pé omi ti kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Lítà kan àbọ̀ ni wọ́n fà jáde. Bàbá náà sùn fọnfọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ṣùgbọ́n ó dùn mí títí di òní pé mo fi òru kan gbáko jẹ wọ́n níyà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé èémí òun kò tó, ojú rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ọrùn àti èjìká. Ìka ló ń kẹ́yìn.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù kò sí níbẹ̀ o. Ó wà. Nínú èdè wa, díẹ̀ báyìí ló ya èémí àti ẹ̀mí sọ́tọ̀ lẹ́nu. Bí èémí bá ń já, ohun tí ẹni náà ń gbọ́ ni pé ẹ̀mí ń bọ́. Ta ni kò ní bẹ̀rù? Bí ẹ̀rù bá sì ti dé, èémí á máa yára, á wà lókè àyà nìkan. Ẹni tó ń mí kíákíá bẹ́ẹ̀ kì í ráyè tú èyí tó fà sínú jáde tán kó tó tún fa òmíràn, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ti gbó á kún inú àyà, tuntun ò ní ríbi wọ̀. Iṣan ọrùn àti èjìká á máa ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, á sì rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìrìn. Ẹsẹ̀ tí a kò lò á rọ, ẹsẹ̀ tó rọ á sì máa béèrè èémí tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìṣísẹ̀ márùn-ún péré. Àwọn tó ń tọ́jú irú aláìsàn yìí ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń ṣàlàyé rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: mímí, ríronú àti lílo ara, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ti èkejì. Mo fẹ́ràn àlàyé náà nítorí ó fi hàn pé bí ẹ bá dẹ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn méjì yòókù á dẹwọ́ díẹ̀. Torí náà, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹ̀rù tó ń ba Bàbá kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ara ohun tí à ń tọ́jú ni.

Ohun tó kàn mí lọ́kàn jù nínú ìwé yín ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ó ti pẹ́ tí jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀. Bí èémí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó yẹ ká béèrè pé kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó ń fà á ló ní ìtọ́jú, bí a kò bá tilẹ̀ lè wo jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ sàn. Omi lè kó sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà, bí ti bàbá tí mo sọ yẹn. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fà á. Bó bá ń padà kó, wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ ó máa ti ara rẹ̀ fa omi náà nílé, tàbí kí wọ́n fi ìyẹ̀fun kan lẹ àlàfo náà pọ̀ kí omi má ríbi jókòó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára. Èyí gan-an máa ń tan àwọn tó gbójú lé ẹ̀rọ ìka jẹ, nítorí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù lè kún fún ọ́síjìn dáadáa kó sì ka 96, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dín kù jọjọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́, wọ́n sì lè fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Òtútù àyà lè wọlé. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ kó gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kókó jẹjẹrẹ lè máa fún ọ̀nà èémí pa, tí radiotherapy, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ, lè dín in kù láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá fi ṣe é. Bí Bàbá bá ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ nínú èéfín, ọ̀nà èémí wọn lè ti dín tẹ́lẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu á sì wúlò fún wọn. Kò sí èyí tí èmi lè mọ̀ nínú gbogbo wọn láti inú ìwé tí ẹ kọ. Ẹ gbé Bàbá padà sọ́dọ̀ dókítà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ sì bi í ní tààrà: "Kí ló yí padà? Ṣé omi ni? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

Àwọn àmì kan wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ dúró di ọjọ́ tí dókítà dá. Bí èémí bá já lójijì láàárín wákàtí díẹ̀, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro wọ́n, bí àyà bá ń gún wọn tí wọ́n bá fa èémí sínú, bí wọ́n bá wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ jáde, bí ibà bá gbé wọn, bí ojú, ọrùn tàbí apá bá wú, bí ètè wọn bá ń di aró, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò bá bára mu mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe nílé lónìí, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ṣeé ṣe kó wà ní títì bí ẹ ṣe ń ka èyí, kí bùláńkẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́rùn Bàbá. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti wọ̀ ni mo ti bá a bẹ́ẹ̀. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé òtútù ló ń mú ẹ̀dọ̀fóró ṣàìsàn, orúkọ tí a sì fún òtútù àyà ń tẹnu mọ́ ọn fún wa lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò lè sọ jẹjẹrẹ di ńlá, kò sì lè da omi sí ẹnikẹ́ni láyà. Ìrànwọ́ ló ń ṣe. Ní ẹ̀gbẹ́ imú, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní ètè òkè, iṣan kan wà tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Bí atẹ́gùn tútù bá ń fẹ́ sí ibẹ̀, ó jọ pé ọpọlọ máa ń gbà pé èémí ń wọlé, igbe ara á sì rọlẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí èyí. Aláìsàn 50 ni wọ́n lò. Wọ́n fẹ́ fáànù ọwọ́ sí wọn lójú fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n tún fẹ́ ẹ sí wọn lẹ́sẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ti ojú ló dẹ èémí lọ́rùn.

Ẹ ra fáànù kékeré tó ń lo bátìrì, tàbí èyí tó ń gba iná pamọ́. Kó jìnnà sí ojú wọn níwọ̀n ìdajì rúlà ọmọ ilé ìwé, kó máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ imú kan lọ sí èkejì. Ẹ má fi í pamọ́ de ìgbà ìdààmú; ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ wọn ni kó máa wà tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, abẹ̀bẹ̀ wà. Àwọn àgbà ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn máa fẹ́ ẹ fún wọn. Bí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ fúnra wọn, èémí tí wọ́n ń wá náà ni wọ́n ń ná. Aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù tí a fún, tí a wá tẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ń ṣiṣẹ́ tó jọ ọ́. Róòbù tí àwọn ìyá wa ń fi pa àyà kò burú bó bá tù wọ́n lára, àmọ́ kó má wọ inú imú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ jìnnà sí ni fífi aṣọ bo orí aláìsàn mọ́ ìkòkò omi gbígbóná. Mo ti bá a nílé kan tí ìyá àgbàlagbà tó ń wá atẹ́gùn lójú méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ nípọn, tó ń làágùn, tó ń jà láti jáde, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyà ló sì ń jẹ ìyá.

Ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì wà lórí itan tàbí lórí ìrọ̀rí tí ẹ gbé sórí tábìlì. Bí apá bá ríbi sinmi, iṣan èjìká á lè ran àyà lọ́wọ́. Lóru, ìrọ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn wọn, ọ̀kan sábẹ́ orúnkún kí wọ́n má yọ̀ wálẹ̀. Nípa mímí fúnra rẹ̀, gbogbo ilé ló máa ń pariwo lé aláìsàn lórí pé, "Ẹ mí sínú! Ẹ mí dáadáa!" Ohun tí kò ṣeé ṣe gan-an ni wọ́n ń pàṣẹ yẹn, nítorí àyà ti kún. Mímí síta ni kí ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ ṣe. Kí wọ́n ká ètè jọ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí wọ́n tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó gùn tó ìlọ́po méjì èyí tó wọlé. Èyí tó wọlé á bójú tó ara rẹ̀. Bí fèrèsé onígun mẹ́rin bá wà níwájú wọn, kí wọ́n fi ojú tọ ẹ̀gbẹ́ tó kúrú bí wọ́n bá ń fà á sínú, kí wọ́n tọ ẹ̀gbẹ́ tó gùn bí wọ́n bá ń tú u. Ẹ kọ́ ọ nígbà tí ara bá tù wọ́n, torí kò sẹ́ni tó ń kọ́ ìwẹ̀ odò lọ́jọ́ tí omi ń gbé e lọ.

Ìwẹ̀ ló ń jẹ èémí jù láàárín ọjọ́, kò sì yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ni ti Bàbá ti ń le. Ẹ gbé àga kan sí agbedeméjì ọ̀nà, àpótí kan sínú ilé ìwẹ̀, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kí ooru má há wọn mọ́. Lọ́jọ́ tí ara kò bá dá, ẹ fi aṣọ nù wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì. Póò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóru kì í ṣe ìtìjú. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà púpọ̀ dára ju àwo ìyán kan lọ, nítorí ikùn tó kún ń ti àyà sókè. Síbẹ̀, ẹ má sọ wọ́n di ẹni tí kì í dìde. Kí wọ́n rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n máa sinmi láàárín. Èémí tó yára nítorí ìrìn, tó sì padà sípò lẹ́yìn ìsinmi, kò ba nǹkan kan jẹ́ nínú ara. Kí jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn fèrèsé, kí kọ́ìlì ẹ̀fọn àti tùràrí kúrò nínú yàrá; ẹ lo nẹ́ẹ̀tì. Kí àlejò máa wọlé ní méjì méjì, àwọn tó kù lè gbàdúrà láti pálọ̀, Ọlọ́run ń gbọ́ láti ibẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ sílíńdà tí Màmá ń sọ. Ìyàwó tó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé láti ìgbà èwe fẹ́ rí i pé òun ṣe nǹkan. Bí nọ́ńbà Bàbá bá ń wà lábẹ́ 90 nígbà gbogbo, èmi náà á ní kí ẹ bá dókítà sọ ọ́ kíákíá, òun ló sì máa sọ ìwọ̀n tí wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ka 95, owó ńlá ni fún ìrànwọ́ kékeré. Ní 2010 kan náà ni ìwádìí mìíràn jáde, tí wọ́n ṣe ní Australia, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú aláìsàn 239 tí èémí kò tó ṣùgbọ́n tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn kò lọ sílẹ̀ púpọ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní ọ́síjìn láti imú fún ọjọ́ 7, wọ́n fún àwọn yòókù ní afẹ́fẹ́ lásán láti inú ẹ̀rọ tó jọ ọ́, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tí òun ń gbà. Ara tu tọ̀tún-tòsì díẹ̀, ọ́síjìn kò sì ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ẹ wo ohun tí sílíńdà ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn: ó ń so ó mọ́ ojú kan, ó ń gbẹ imú, ó ń jẹ́ kí iná tètè ràn, kò sì dá ìgbà tí owó tí ẹ fi ń rọ ọ́ máa tán. Bí ẹnì kan bá lè yá yín lò fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ dán an wò. Bí Bàbá fúnra wọn bá ní kò sí ìyàtọ̀, ẹ dá a padà láìkábàámọ̀. Bó bá wà nínú ilé, kí àbẹ́là, ìṣáná, sìgá àti sítóòfù jìnnà sí i. Àmọ́ bí ẹ bá ní kí n yàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán àyà ni mo fẹ́ kí ẹ fi owó yẹn ṣe.

Ọ̀rọ̀ mọ́fíìnì ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ohun tí aládùúgbò yín rí kì í ṣe irọ́, ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ́. Lọ́pọ̀ ilé ìwòsàn wa, wọn kì í fún aláìsàn ní mọ́fíìnì àfi bó bá ku ọjọ́ díẹ̀, torí náà ẹni tó bá ń wò láti ìta á máa rí mọ́fíìnì àti ikú pa pọ̀. Bí ẹni tí kò rí agboòrùn rí àfi lọ́jọ́ òjò bá sọ pé agboòrùn ló ń fa òjò, báyìí náà ló máa rí. Mọ́fíìnì tí wọ́n ń lò fún èémí, ìwọ̀n rẹ̀ kéré, ó sábà máa ń kéré ju ti ìrora ńlá lọ, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n ń fi kún un. Igbe tó wà nínú ọpọlọ ló ń rẹ̀ sílẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó ń lo ìwọ̀n kékeré tí dókítà kọ ní wákàtí tó yẹ, tí oògùn náà wá dá èémí rẹ̀ dúró. Ó wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan. Ní Uganda, Hospice Africa Uganda tí dókítà Anne Merriman dá sílẹ̀ ní 1993 ló sọ mọ́fíìnì olómi di ohun tí aláìsàn ń mu nínú ilé ara rẹ̀.

Òótọ́ tó kù níbẹ̀ nìyí. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìwádìí àwọn ọdún àìpẹ́ yìí kò fẹnu kò lórí bó ṣe ń ran èémí lọ́wọ́ tó, èmi náà sì ti rí àwọn tí kò ṣe ohunkóhun fún, tí a ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ó lè rìn wọ́n lọ́kàn, ó sì lè mú wọn tòògbé lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìyẹn máa ń lọ. Ó ń mú kí ìgbẹ́ le, ìyẹn kì í lọ, nítorí náà kí oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí dókítà mọ̀ bí kíndìnrín Bàbá bá ní wàhálà, kó sì mọ gbogbo oògùn oorun àti àgbo tí wọ́n ń lò. Ẹ ti mọ́fíìnì náà mọ́ inú àpótí, kí ọwọ́ ọmọdé má bà á. Ẹ má sì fi omi ikọ́ oní-codeine, tramadol tàbí dexa (ìyẹn dexamethasone) tí ẹ bá rà lọ́wọ́ aládùúgbò rọ́pò rẹ̀. Láti 2018 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé, bí ẹ bá sì rí i lórí àtẹ, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Dexa wúlò nínú ọ̀ràn kan, àmọ́ dókítà ló gbọ́dọ̀ mọ ìdí tó fi ń fún un. Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀ka palliative care, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ìrora, èémí àti ọkàn aláìsàn pẹ̀lú ti àwọn ará ilé rẹ̀. Ó wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ìbàdàn. Lílọ sọ́dọ̀ wọn kò ní kí wọ́n dá ìtọ́jú jẹjẹrẹ dúró, ó sì sàn kí ẹ tètè lọ.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni mo rò pé ẹ kọ gbogbo ìyókù torí rẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí bí ó ṣe máa rí. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí ojú mi ti rí: púpọ̀ nínú àwọn tí mo jókòó tì kò lọ nínú ìjàkadì èémí. Oorun ló ń pọ̀ sí i, tí wọ́n ń sùn fún ìgbà púpọ̀ lójúmọ́, tí èémí sì ń jìnnà síra wọn títí tí òmíràn kò fi tẹ̀ lé e mọ́. Ọ̀fun lè máa dún hùrùhùrù nítorí itọ́ tí wọn kò lè gbé mì. Ìró náà máa ń ba àwọn tó dúró tì wọ́n lọ́kàn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sùn lọ bẹ́ẹ̀ kò jọ pé ó ń mọ̀ ọ́n. Ó ti le fún àwọn kan, mi ò ní purọ́ fún yín. Nítorí àwọn yẹn ni mo ṣe ń ní kí oògùn tó máa dẹ ìdààmú wà nílé ṣáájú, kí ìwé kan wà lára ògiri tó sọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ohun tó tẹ̀ lé e, àti ẹni tí ẹ máa pè. Ilé tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sáré kiri lóru. Ẹ bi Bàbá léèrè pẹ̀lú, jẹ́jẹ́, ohun tí wọ́n ń rò bí èémí bá ń já. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí ẹ kọ sí mi yẹn gan-an, kí wọ́n máa dá a gbé lóru kí ẹ má bàa dààmú.

Lálẹ́ òní, kí ọ̀kan nínú yín tẹ́ ẹní sí yàrá wọn. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá gbà, òun ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ sùn níbẹ̀. Bí Bàbá bá jí tí èémí ń já, kó má sáré, kó má tan iná ńlá, kó má mú ẹ̀rọ ìka. Kó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti jókòó, kó tan fáànù sí wọn lójú, kó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn wọn, kó wá máa tú èémí tirẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀, títí ti Bàbá á fi bá a dọ́gba. Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tí dókítà bá ti gbọ́ ẹ̀yìn wọn, kí n mọ̀ bóyá omi ni.